Ìdáwójọ orí ayélujára: ìlérí tí oníṣòwò ṣe ló ń pinnu owó orí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò kéékèèké ní Amẹ́ríkà, ó sì kan àwọn ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn nílé tí wọ́n jọ ń ṣe òwò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba orí àwọn ojú òpó ìdáwójọ bíi Kickstarter, GoFundMe àti irú wọn wá owó òwò lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ rí. Ọgbọ́n gidi ni, torí kò rọrùn kí báńkì yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò lówó. Ohun tó ń dùn wá ni gbólóhùn kan tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lórí WhatsApp: "Ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi, ẹ̀bùn kì í san owó orí." Gbólóhùn yìí ń kó àwọn aláápọn sí gbèsè, torí pé apá kan rẹ̀ nìkan ló jẹ́ òótọ́.

Bí òfin owó orí Amẹ́ríkà ṣe lọ nìyí. Abala 61 sọ pé gbogbo owó tó bá wọlé fún ẹnì kan, ibi yòówù kó ti wá, owó orí wà lórí rẹ̀, àfi èyí tí abala mìíràn bá yọ sílẹ̀. Abala 102 yọ ẹ̀bùn sílẹ̀. Ìjà tó kù ni ohun tí òfin ń pè ní ẹ̀bùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ parí ìjà yẹn lọ́dún 1960, nínú ẹjọ́ Duberstein. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Berman fún Duberstein ní ọkọ̀ Cadillac, torí pé Duberstein máa ń júwe oníbàárà fún un. Duberstein ní òun kò béèrè ọkọ̀. Kódà, òun ti ní Cadillac kan àti Oldsmobile kan nílé. Ilé ẹjọ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n owó orí wà lórí ọkọ̀ náà, torí pé oore tí Duberstein ti ṣe, àti èyí tí Berman ń retí kó tún ṣe, ló bí i. Ẹ̀bùn ni èyí tó ti inú ọ̀làwọ́ lásán wá, tí ẹni tó fúnni kò wo ọwọ́ ẹni tó gbà á.

Àjọ tó ń gba owó orí, IRS, lo òfin kan náà fún ìdáwójọ nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ lọ́dún 2016. Owó tí wọ́n dá fún yín kì í ṣe owó tó wọlé bó bá jẹ́ àwìn tí ẹ máa san padà, tàbí owó tí ẹni tó san án fi ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ yín, tàbí ẹ̀bùn tí ẹni tó ṣe é kò gba ohunkóhun lé lórí. Bí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó òwò ni, owó orí sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ojú òpó tí ẹ lò. GoFundMe kò sọ owó di ẹ̀bùn, Kickstarter náà kò sì sọ ọ́ di ọjà. Ohun tí ẹ kọ sójú ewé yín, ìlérí tí ẹ ṣe fún ẹni tó fẹ́ dáwó, òun ni wọ́n máa kà.

Bí ilé ìtajà bá jóná, tí àwọn aládùúgbò àti ọmọ ìjọ dáwó fún ẹni tó ni ín láìgba nǹkan kan, ẹ̀bùn ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹni tó bá fún wa ní $50 yóò jẹ ìrẹsì àti ẹran nígbà mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ tí a bá ṣí padà", ó ti ta oúnjẹ sílẹ̀ nìyẹn. Ìlà kan péré ló yí i padà. Ẹni tó bá ń kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó fi ìlérí oúnjẹ, ẹ̀dínwó àti káàdì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Kó má sì sọ fún àwọn tó ń dáwó pé wọ́n lè yọ owó náà kúrò nínú owó orí tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ àánú tí IRS ti fọwọ́ sí nìkan ni irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ wà fún. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló dáwó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, IRS kì í sábà gbà pé ẹ̀bùn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ni ti ẹni tó ṣèlérí ọjà. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Obìnrin kan ní Houston fẹ́ máa ta bùbá àti ìró àdìrẹ tí àwọn aláró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ṣe. Ó lọ sórí Kickstarter: ẹni tó bá san $100 yóò gba ẹ̀wù kan. Èèyàn 240 dáhùn, owó di $24,000. Kickstarter yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $1,200. Àwọn tó ń gba owó káàdì yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, $720, wọ́n sì tún fi ogún sẹ́ǹtì lé e lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, $48. Ohun tó wọ àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì jẹ́ $22,032.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń wáyé níbí. Ó máa wo báńkì, ó máa kọ $22,032 sí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù 1099-K, ìwé tí àwọn tó ń gba owó káàdì fi ń ròyìn iye tí oníṣòwò gbà, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, tí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí IRS, $24,000 ló wà lórí rẹ̀, torí pé kí wọ́n tó yọ ohunkóhun ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà IRS yóò rí i pé $1,968 dín, lẹ́tà CP2000, tí wọ́n fi ń béèrè ìdí tí iye méjèèjì kò fi bára mu, yóò sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe yẹ ni kó kọ $24,000 sí ìlà àkọ́kọ́ ní Schedule C, fọ́ọ̀mù tí oníṣòwò ń kọ èrè òwò rẹ̀ sí, kó wá kọ $1,968 sí ibi ìnáwó, lábẹ́ owó àwọn alágbàtà. Èrè rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ àkọsílẹ̀ méjèèjì ti bára mu.

Àwọn kan máa ń bi wá pé ṣé kò ṣeé pín sí méjì: bí ẹ̀wù bá tó $60 lọ́jà, kí $60 jẹ́ ọjà, kí $40 jẹ́ ẹ̀bùn. A ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó san $100 fún oníṣòwò tí kò mọ̀, tó ń retí ẹ̀wù, ìdúnàádúrà kan ṣoṣo ló ṣe. Kódà $10 tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láìgba nǹkan kan, nínú ìpolongo tí wọ́n fi ń ta ọjà, a máa ń kà á mọ́ owó òwò. Ìjà lórí rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń ná lé lórí.

Ká tẹ̀ síwájú. Aṣọ, aró, owó télọ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù jọ jẹ́ $9,000. Owó ìfiránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, $15 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ $3,600. Páálí àti ọ̀rá jẹ́ $600. Tí a bá yọ gbogbo rẹ̀ àti $1,968 ìṣáájú, èrè tó kù jẹ́ $8,832. Oríṣi owó orí méjì ló wà lórí èyí. Ọ̀kan ni ti Social Security àti Medicare (owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà) tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ máa ń dá san: ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí ìdá 92.35 nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà. Ó jẹ́ nǹkan bí $1,248. Èèyàn gbọ́dọ̀ san án bí èrè bá ti tó $400, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní owó orí mìíràn láti san rárá, èyí sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Èkejì ni owó orí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí obìnrin yìí bá wà ní ìpele ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì gba àwọn ìyọkúrò tó tọ́ sí i, ìyẹn ìdajì owó Social Security àti Medicare yẹn àti ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún èrè òwò, yóò jẹ́ nǹkan bí $788. Àpapọ̀ jẹ́ $2,036. Owó tí èèyàn lè san ni, bó bá ti yà á sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tí owó wọlé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí pé owó wọlé, ọjà sì jáde, nínú ọdún kan náà. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò fẹ́ràn láti ṣe ìpolongo ní oṣù Kọkànlá, kí owó lè wọlé kí ọdún tó parí, kí wọ́n wá fi ọjà ránṣẹ́ ní oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ òwò kékeré ló ń ka owó sí ọdún tó dé ọwọ́ wọn, nítorí náà $24,000 bọ́ sí ọdún àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé owó tí wọ́n san fún àwọn aláró ní oṣù Kejìlá kò jọ ìnáwó lásán. Ọjà títà ni. Lábẹ́ ìlànà tí ọ̀pọ̀ òwò kékeré ń lò, a kì í yọ iye rẹ̀ títí ọjà náà yóò fi dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹ̀wù 240 tó ṣì wà ní ìsọ̀ télọ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá kò dín èrè ọdún yẹn kù ní sẹ́ǹtì kan.

Èrè ọdún àkọ́kọ́ lórí ìwé wá di $22,032. Owó Social Security àti Medicare di nǹkan bí $3,113. Owó orí kejì, ní ìpele kan náà, di nǹkan bí $1,966. Ó lé ní $5,000, lórí owó tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti lọ sí Nàìjíríà. Lọ́dún kejì, ìwé yóò fi àdánù $13,200 hàn. Àdánù yẹn lè dín owó orí tó wà lórí owó oṣù rẹ̀ tàbí ti ọkọ rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí òwò náà kò bá ní èrè mìíràn lọ́dún yẹn, $1,865 tó san lé lórí Social Security àti Medicare kò ní padà wá, torí òfin kò gbà kí àdánù òwò bí tirẹ̀ padà sẹ́yìn sí ọdún tó kọjá mọ́. Ìyà yìí ló ń dùn wá jù, nítorí pé ọjọ́ tó fi parí ìpolongo nìkan ló fà á.

Ọ̀nà méjì ló wà tí òfin gbà. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ yan ọjọ́. Kickstarter máa ń gba owó lọ́jọ́ tí ìpolongo bá parí, á dúró fún nǹkan bí ọjọ́ 14, kó tó fi ránṣẹ́ sí báńkì. Ìpolongo tó bá parí ní ìparí oṣù Kìíní yóò fún yín ní oṣù mọ́kànlá láti ṣe ẹ̀wù, fi í ránṣẹ́, kí ẹ sì yọ gbogbo ìnáwó nínú ọdún kan náà. Ẹ má sọ pé ẹ máa fi owó oṣù Kejìlá sílẹ̀ lórí GoFundMe di oṣù Kìíní. Bó bá ti wà ní àrọ́wọ́tó yín, tí kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́, lójú òfin ẹ ti gbà á. Ọ̀nà kejì ni kí òwò yín máa lo ìlànà ìṣirò tó ń ka owó sí ìgbà tí ẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní accrual, kí ẹ sì lo abala 451(c), tó gbà kí owó ọjà tí ẹ kò tíì fi ránṣẹ́ sún sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún kan péré ló lè sún. Bí télọ̀ bá já yín kulẹ̀ di ọdún kẹta, ẹ ti jẹ owó orí rẹ̀ lọ́dún kejì. Òwò tuntun kàn máa yan ìlànà yìí ní ìlà F lórí Schedule C àkọ́kọ́ rẹ̀. Òwò tó ti wà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù 3115 tọrọ àyípadà, a ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá a ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ọjà náà kò jáde mọ́, tí ẹ dá owó padà, ọdún tí ẹ dá a padà lẹ máa yọ ọ́.

Bí ẹ bá rí i pé owó orí ọdún yín máa tó $1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí tí ibi iṣẹ́ ti yọ, IRS kò ní dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń gbà á: ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, oṣù Kẹfà, oṣù Kẹsàn-án, àti oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti san iye tí gbogbo owó orí rẹ̀ ọdún tó kọjá jẹ́, kò ní jẹ owó ìtanràn, bí gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún yẹn kò bá ti ju $150,000 lọ.

Fọ́ọ̀mù 1099-K ti da ọ̀pọ̀ èèyàn rú, torí pé òfin rẹ̀ ń yí. Lọ́dún 2021 ìjọba sọ iye owó tó ń mú kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ kalẹ̀ sí $600, wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Fún ọdún 2024 wọ́n lo $5,000. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025 dá a padà sí bó ṣe wà: kó ju $20,000 lọ, kí ìdúnàádúrà sì ju 200 lọ. Maryland àti Virginia, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ní $600 tiwọn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kọ́ ló ń dá owó orí sílẹ̀. Ẹni tó ta ọjà $9,000 tí kò gba fọ́ọ̀mù kankan jẹ owó orí. Ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lórí ẹ̀bùn gidi kò jẹ ẹ́; kó kọ iye náà sí àyè tí wọ́n ṣe fún 1099-K tó wá láṣìṣe ní òkè fọ́ọ̀mù owó orí Schedule 1, kó sì tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé ìdáwójọ náà bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń dáwó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí PDF kí ẹ tó pa á rẹ́. Bí CP2000 bá dé, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ fi ẹ̀rí dáhùn kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tó pé, nítorí ẹni tí kò bá fèsì ni wọ́n ń sọ gbèsè náà di tirẹ̀.

Owó orí ọjà tí ìpínlẹ̀ ń gbà dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Texas, ìdá 6.25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìpínlẹ̀, pẹ̀lú ti ìlú ó lè tó 8.25, ó sì wà lórí aṣọ. Oníṣòwò Houston gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn tó dáwó láti Texas. Ojúṣe tirẹ̀ ni. Bí kò bá ti fi kún iye náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àpò ara rẹ̀ ló máa ti yọ ọ́. Ní ti ẹrù láti Nàìjíríà, ààyè tí páálí tí kò ju $800 lọ ní láti wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù ti parí láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Kí oníṣòwò béèrè iye tó wà lórí aṣọ lọ́wọ́ aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó kọ $100 síbẹ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ gbogbo wàhálà yìí lè wá àwìn. Kiva ń jẹ́ kí àwọn èèyàn pawọ́ pọ̀ yá oníṣòwò kékeré ní Amẹ́ríkà lówó tó lè tó $15,000 láìsí èlé. Kò sí owó orí lórí rẹ̀, àfi bí wọ́n bá dárí gbèsè náà jì í. Ti títa ìpín fún àwọn ará ìlú náà wà, títí dé $5,000,000 láàárín oṣù 12, ṣùgbọ́n ó gba kí òwò jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé sọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó títa ìpín.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń bá ìyá wọn nílé dáwó jọ. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí GoFundMe ń sanwó sí, nítorí náà orúkọ ọmọ àti àkáǹtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò. Bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn fún ìyá lówó láìgba nǹkan kan, tí ọmọ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe owó tó wọlé fún ọmọ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi hàn. Kí orúkọ ìyá wà lójú ewé náà láti ọjọ́ kìíní gẹ́gẹ́ bí ẹni tí owó wà fún. Kí owó má dà pọ̀ mọ́ owó oṣù ọmọ. Kó ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún un. Kó tọ́jú rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó bá fi fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ránṣẹ́. Kó sì gba orí báńkì tàbí káàdì báńkì Amẹ́ríkà rán an: láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, ẹni tó bá gbé owó pépà lọ sí ibi ìfowóránṣẹ́ yóò san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé e, èyí tó gba àkáǹtì báńkì kọjá kò ní san án.

Àwa ni,
Àwọn akáńtáǹtì ọmọ Yorùbá,
Houston, Texas